Mi ò parí sẹ́kọ́ńdìrì, ṣé mo lè wọ LAUTECH?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 23 ni mí, ilé búrẹ́dì kan ní Àpáké ni mo ti ń po ìyẹ̀fun. SS2 ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú, ibẹ̀ ni ìwé dúró sí. Food Science ni mo fẹ́ kà ní LAUTECH. Àǹtí mi tó wà ní Houston ní kí n ṣe GED, ìdánwò àwọn tí kò parí sẹ́kọ́ńdìrì ní Amẹ́ríkà, pé òun ni ọmọ tòun fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi níbí? Ojú ń tì mí láti padà jókòó ti àwọn ọmọ ọdún 15.
Ọmọ Ilé Búrẹ́dì, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú àforítì. Àǹtí rẹ ò parọ́, ọ̀nà ibi tó ń gbé ló júwe fún ọ. Ọdún 1942 ni wọ́n dá GED sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí àwọn sójà tí ogun mú kúrò nílé ìwé. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni. Ẹni tó bá gba 145 nínú 200 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ti yege. LAUTECH ní tiẹ̀, kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO ló ń wá, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn, kí máàkì JAMB tó tẹ̀lé e.

Tiwa tó jọ ti àǹtí rẹ ni GCE, ìyẹn WAEC àwọn tí kò sí nílé ìwé mọ́. NECO náà ní irú rẹ̀. O ò ní padà sí SS2 rárá. Nígbà tí èmi ṣe tèmi lọ́dún 1986, ọmọṣẹ́ káfíńtà ni mí, ìdọ̀tí pákó ṣì wà nírun mi. Obìnrin tó jókòó níwájú mi gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò níta. Bí ọmọ bá ti ké, èjìká obìnrin náà á fò. Ta ló ráyè wo ọjọ́ orí ẹnìkejì? Mo fìdí rẹmi nínú Ìṣirò lọ́dún yẹn o, torí ibi tó wù mí nìkan ni mo kà. Mo tún un ṣe.

Kẹ́mísírì ló máa dà ọ́ láàmú. WAEC mọ̀ pé ẹ ò ní láàbù, orí bébà lẹ ti máa dáhùn ìbéèrè práktíkà. Síbẹ̀, wá lẹ́sìnnì tó ní bùréètì, ìyẹn ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn omi, kódà kó jẹ́ Sátidé mélòó kan. Bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ á fi bá omi inú rẹ̀ dọ́gba, kí o ka ìsàlẹ̀ ibi tó ti tẹ̀ kòtò bí àwo. Má ka etí rẹ̀ tó gun ògiri ìgò. Máàkì ń bọ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí o tó san owó fọ́ọ̀mù, mú NIN rẹ jáde. Orúkọ inú rẹ̀ ni JAMB máa lò, òun gan-an ni kí o kọ fún WAEC, lẹ́tà sí lẹ́tà. Sẹ́ńtà tó bá ní àwọn á bá ọ kọ ìdánwò náà, sá fún un.

O lè pa èsì ìdánwò ìjókòó méjì pọ̀ níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n lọ bèèrè ní ẹ̀ka Food Science fúnra rẹ. Láti Àpáké, ọ̀kadà kan péré ni.

Ní ti àyè ìwé kíkà, ìgbà wo ni búrẹ́dì fi ń wà nínú ààrò? Mú ìwé Kẹ́mísírì dání lọ síbi iṣẹ́ lónìí.