Òkè Kírìjì lórí tábìlì: ohun tí ojú mi rí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ òkè tí wọ́n ti ja ogun Kírìjì, láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, fún eré ogun orí tábìlì tí a fi àwọn ère ọmọ ogun kéékèèké tó ga ní 28 mm ń ṣe, ẹ sì fẹ́ kó bá máàpù mu rẹ́gí. Mo ti dán an wò rí. Ó gbọ́n mi lówó gbẹ, sùúrù mi náà sì tán.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ ná. Tí ènìyàn bá ga ní 28 mm, kìlómítà kan ṣoṣo á gùn ju mítà 16 lọ. Pálọ̀ ta ló gbà á? Èmi sọ mítà 10 di sẹ̀ǹtímítà kan, kí tábìlì mi tó gùn ní 180 cm lè gba ibi tó pọ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ gbà, àmọ́ òkè bàjẹ́: òkè tó ga ní mítà 100 di 10 cm, kò ju ọmọ ogun mẹ́ta àtààbọ̀ tó gun ara wọn léjìká. Ìyàwó mi béèrè bóyá ebè iṣu ni. Ni mo bá sọ gíga rẹ̀ di ìlọ́po méjì, n ò fọwọ́ kan fífẹ̀ rẹ̀.

Ìrísí rẹ̀ ló wá jẹ mí níyà jù. Mo gbẹ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n, mo jẹ́ kó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Ó dán, ó wuni, ọmọ ogun kan ò sì lè dúró lórí ẹ̀. (Mo tún fọ́n ọ̀dà inú agolo sí i, ọ̀dà ọ̀hún jẹ ẹ́ bí omi gbígbóná ṣe ń jẹ ṣúgà. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà pẹ̀lú iyanrìn rẹ́ ẹ lára kí ọ̀dà tó kàn án.)

Ìgbà tí mo fẹsẹ̀ ara mi gun òkè ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni ojú mi là. Bàbá tó mú wa lọ ní kí n wo ìsàlẹ̀. N ò rí ẹsẹ̀ òkè rárá. Ilẹ̀ wú ní àárín, ó bò ó. Ẹni tó bá ń gòkè bọ̀ lè sinmi sábẹ́ wíwú yẹn. Ìbọn Snider, ìbọn òyìnbó tí àwọn Èkìtìparapọ̀ tó ń bá Ìbàdàn jà ń lò, tó ń yìn jìnnà ju ṣakabùlà lọ fíìfíì, kò lè bá a níbẹ̀. Igbá tèmi náà wú, àmọ́ ó dán jù: kò síbi tí ẹnikẹ́ni lè dúró sí sinmi lórí ẹ̀.

Mo dé ilé, mo gé fóòmù pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, mo tò ó bí àtẹ̀gùn: ibi ìtẹ̀sẹ̀ ti òkè fẹ̀ dáadáa, ti ìsàlẹ̀ ò ju 3 cm lọ, kí ilẹ̀ lè já lójijì. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fojú sí ibi tí ojú ọmọ ogun orí òkè wà. Tí mo bá ṣì ń rí ìsàlẹ̀, mo tún un gé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un gé.

Ti koríko, ẹ má náwó sí ti òyìnbó. Kànrìnkàn ìbílẹ̀ tí a fi ń wẹ̀, tí ẹ bá gé e wẹ́wẹ́ tí ẹ pa á láró, ẹ̀kan pọ́nńbélé ni.

Igi ńkọ́? Ẹ dín in kù. Igbó tí ẹ máa bá níbẹ̀ lónìí kọ́ ni kí ẹ gbé sórí tábìlì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tẹ̀dó síbẹ̀ nígbà ogun, wọ́n kọ́lé, wọ́n ń dáná lójoojúmọ́. N ò rò pé igi kankan ṣẹ́ kù nítòsí bùdó. Kùkùté ni mo tò síbẹ̀, igi ìṣáná tí mo gé kúkúrú.