Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Báwo Ni Àpótí Ejò Tó Ń Dàgbà Ṣe Yẹ Kó Tóbi Tó?

Lẹ́tà tó pọ̀ jù tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ẹran ọ̀sìn lóṣù yìí dá lórí ilé ejò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé ń sin ball python, irú erè kékeré tí ń ká ara rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù tí ẹ̀rù bá bà á, tó sì ń gbé nínú igbó àti oko ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí. Díẹ̀ nínú ìbéèrè náà nìyí.

Mo ní ball python kan tí kò tíì ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ. Inú ike aṣọ tó ní ọmọrí ni mo fi sí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní tí mo bá gbé e sínú àpótí ńlá, ẹ̀rù yóò bà á débi pé kò ní jẹun mọ́, pé kí n máa pààrọ̀ àpótí bó ṣe ń gùn sí i. Owó ọwọ́ mi kò sì ju ti àpótí kan lọ. Kí ni kí n ṣe? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àgbọ̀wọ́)

Ẹ kan àpótí kan ṣoṣo, kó sì jẹ́ ti àgbà. Akọ ball python tó dàgbà tán sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 90 sí 120. Abo a tó 120 sí 150, òmíràn a sì kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló máa ń dàgbà tán, bẹ́ẹ̀ ó lè lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ìgbà àgbà rẹ̀ ló pọ̀ jù, ìwọ̀n àgbà ni kí ẹ sì bá káfíńtà sọ: òòró ẹsẹ̀ bàtà 4, ìbú ẹsẹ̀ bàtà 2, gíga ẹsẹ̀ bàtà 2. Tí ejò yín bá jẹ́ abo tó ń gùn lọ sí sẹ̀ǹtímítà 150, òòró ẹsẹ̀ bàtà 5 ló dára jù fún un.

Àwọn kan ṣì ń lo ìṣirò àtijọ́ pé tí ẹ bá ro òòró àti ìbú pọ̀, tó bá ti tó gígùn ejò, ó parí. Ẹ má tẹ̀ lé e. Lọ́nà ìṣirò yẹn, ejò tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120 á wà nínú àpótí 80 sí 40, kò sì ní na ara rẹ̀ tán láéláé. Ejò tí kì í nà máa ń di ọlẹ, ọ̀rá a kún inú rẹ̀, ìgbẹ́ a sì máa ṣòro fún un. Ohun kejì tún wà tó burú ju ìyẹn lọ. Ejò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe, rírìn ló fi ń wá a: tí ara rẹ̀ bá tutù, a lọ síbi tó gbóná, tó bá gbóná tán, a lọ síbi tó tutù. Nínú ike kékeré, ooru kan náà ló kún gbogbo rẹ̀, kò sí ibi tí ejò lè sá lọ.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín rí kì í ṣe irọ́, ìdí rẹ̀ ni kò gún. Ọmọ ejò tí a gbé sínú àpótí ńlá a máa kọ oúnjẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfìfo inú àpótí ló ń dẹ́rù bà á. Inú igbó tí wọ́n bí i sí tóbi ju àpótí èyíkéyìí lọ, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun níbẹ̀, nítorí pé koríko, ihò àti gbòǹgbò igi ló yí i ká. Nítorí náà, ẹ fi nǹkan kún inú àpótí. Ẹ fi ibi ìsápamọ́ méjì sí i, ọ̀kan níbi tó gbóná, ọ̀kan níbi tó tutù, kó má di pé ó ní láti yan ààbò tàbí ooru. Ẹ da ewé gbígbẹ tí ẹ ti sá sóòrùn sílẹ̀ dáadáa, ẹ to ẹ̀ka igi àti èèpo igi sáàárín, kí ó lè ti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì láìfara hàn ní gbangba.

Ibi ìsápamọ́ gbọ́dọ̀ há díẹ̀: tí ejò bá ká jọ sínú rẹ̀, kí ògiri rẹ̀ máa kan ara rẹ̀. Ìdajì èèpo àgbọn líle tó fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin. Lẹ́yìn náà ẹ lè da ìṣaasùn kékeré dé, kí ẹ fọ́ ẹnu ọ̀nà kan sí etí rẹ̀, kí ẹ sì fi sáńpépà yún un títí kò fi ní mú mọ́. Bí ejò bá ti ń gùn, ẹ ó máa pààrọ̀ ìṣaasùn. Àpótí ò ní kúrò níbi tó wà.

Títí ejò yóò fi nípọn, ẹ máa ṣọ́ àlàfo ara àpótí. Ibi tí orí ọmọ ejò bá ti lè wọ̀, gbogbo ara rẹ̀ á tẹ̀ lé e jáde.

Káfíńtà mi ní òun kò kan àpótí ejò rí. Plywood mélòó ni kí n rà, irú gíláàsì wo sì ni? (Oníṣòwò, Ológúnẹ̀rú)

Plywood kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18. Ẹ ó rí i ní ọjà pákó Bódìjà. Tí agbára bá gbé e, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń pè ní marine board, nítorí omi kì í tètè bò ó. Ẹ ní kí wọ́n là á sí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 2. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ni ìsàlẹ̀, òkè àti ẹ̀yìn. Ẹ gé ìkẹrin sí méjì ọgbọọgba, ìyẹn ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì. Kò sí èyí tó máa ṣòfò.

Pákó ẹ̀yìn ni kí ó kọ́kọ́ dúró lórí ìsàlẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá dúró níwájú rẹ̀. Nínípọn pákó ẹ̀yìn yẹn ni ẹ ó gé kúrò lára ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mìlímítà 18, kí iwájú lè ṣe déédéé. Ẹ lo skúrúù àti gọ́ọ̀mù pákó, kì í ṣe ìṣó lásán. Ìṣó a máa tú díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọ̀rinrin bá mú pákó wú, ejò a sì máa fi imú tì í.

Ní iwájú, ẹ fi pákó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íńṣì 4 dábùú ìsàlẹ̀, kó lè dá ewé àti èèpo àgbọn gígé tí ẹ bá dà sílẹ̀ dúró. Ẹ fi ti íńṣì 2 dábùú òkè. Àárín wọn ni gíláàsì méjì tí ń yọ́ kọjá ara wọn yóò wà, irú ti àpótí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fóònù ń pàtẹ ọjà sí. Gíláàsì mìlímítà 5 tó. Inú àpótí á ku bíi íńṣì 46 àbọ̀ ní òòró; tí gíláàsì méjèèjì bá máa fi íńṣì 2 gun ara wọn láàárín, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó íńṣì 24 àti ìdámẹ́rin. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí onígíláàsì gé ohunkóhun kí àpótí tó dúró tán, kí ó mú tépù wá wọn ojú ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojú irin òkè tí gíláàsì ń wọ̀ gbọ́dọ̀ jìn ju ti ìsàlẹ̀ lọ: ẹ ó ti gíláàsì sókè wọ inú rẹ̀, ẹ ó wá sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ sínú ti ìsàlẹ̀. Tí méjèèjì bá jìn bákan náà, gíláàsì kò ní wọlé. Ẹ ra kọ́kọ́rọ́ gíláàsì mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Ejò a máa fi ìpẹ̀kun imú ti gíláàsì lóru títí yóò fi yọ́, agbára rẹ̀ sì ju ohun tí ojú rí lọ.

Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí ẹ lu ojú afẹ́fẹ́ sí, ọ̀kan nísàlẹ̀ níbi tó tutù, ọ̀kan lókè níbi tó gbóná, kí afẹ́fẹ́ lè máa ti ìhín wọlé, kó gba ọ̀hún jáde. Íńṣì 8 sí 2 tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lo páànù oníhò wẹ́wẹ́ tó dán. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé a máa bó imú ejò.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kìlọ̀ fún káfíńtà gidigidi ni oògùn ikán. Ọ̀pọ̀ wọn á ti kùn ún kí ẹ tó débẹ̀, torí pé wọ́n rò pé oore ni àwọn ṣe yín. Òórùn rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀ nínú àpótí tó pa dé, ó sì lè pa ejò. Fánííṣì olómi ni kí wọ́n fi kùn ún, ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán. Ẹ fi sílíkọ́ọ̀nù dí gbogbo oríkèé, kí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ síta fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá ti orí bọ inú rẹ̀, tí ẹ ṣì ń gbóòórùn, kò tíì yá.

Ti ikán àti eèrà, orí tábìlì ni kí ẹ gbé àpótí sí, kí ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo tí omi àti epo díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìjàlọ tó bá wọ inú àpótí tí a tì kò ní fi ejò sílẹ̀ láàyè.

Ṣé àpótí ńlá kò ní tutù jù tí wọ́n bá mú iná lọ? Ilé onípáànù ni mò ń gbé. (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Mọ́níyà)

Ìyá wa, ní Ìbàdàn, ooru ọ̀sán ló yẹ kó kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù. Ìpẹ̀kun kan nínú àpótí gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 31 sí 33°C, ìkejì ní 25 sí 27°C. Ní oṣù Kejì àti Ìkẹta, yàrá onípáànù tí kò ní àjà lè gbóná ju èyí lọ láti aago kan ọ̀sán, láìtan gílóòbù kankan. Ẹ gbé àpótí sí yàrá tó tutù jù, kó jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Oòrùn tó bá gba gíláàsì wọ àpótí tí a tì lè pa ejò láàárín wákàtí kan. Ẹ ra tẹmómítà méjì, ọ̀kan fún ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Fífọwọ́ kàn án kò tó.

Alẹ́ ọyẹ́ ló máa ń tutù jù, àti òru òjò díẹ̀. Tí tẹmómítà ibi tó tutù bá ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ 23°C, tí kò sì sí iná, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò ike líle, ẹ fi aṣọ nípọn wé e, ẹ gbé e sí ẹ̀yìn ìṣaasùn níbi tó gbóná. Pákó máa ń di ooru mú ju gíláàsì lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ kan tiyín dípò rírà àpótí ẹja. Tí iná bá wà, gílóòbù tàbí ẹ̀rọ ooru gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn wáyà tí ejò kò lè gbà kọjá, kí thermostat, ẹ̀rọ tó ń pa á tí ooru bá ti tó, sì máa darí rẹ̀. Ejò a máa wé mọ́ gílóòbù títí ara rẹ̀ yóò fi jó, nítorí kì í tètè mọ̀ pé ó ń jó òun.

Ọyẹ́ tún ń gbẹ afẹ́fẹ́. Ọ̀rinrin ìdá 55 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ball python fẹ́. Tó bá lọ sílẹ̀, awọ á bọ́ ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ, èyí tó bo ojú á sì lè kù síbẹ̀. Ẹ gbé abọ́ omi sún mọ́ ibi tó gbóná, kí ẹ sì fi èèpo àgbọn gígé tó rin díẹ̀ sínú ìṣaasùn kan. Ní àsìkò òjò, òdìkejì ni: ẹ kó ohun tó bá ti bu kúrò, ẹ má bu omi sí i. Tí ejò bá ń mí pẹ̀lú ẹnu ṣíṣí tàbí tí ìfófòó ń yọ nímú rẹ̀, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpótí mọ́.

Mo fi tépù wọn awọ tí ejò mi bọ́, mo bá ẹsẹ̀ bàtà 5. Ṣé àpótí ti kéré nìyẹn? Ṣé mo sì lè fi ìkejì kún un? (Ọmọ ilé ìwé gíga, Sángo)

Awọ tó bọ́ a máa fà, nítorí náà ó gùn ju ejò fúnra rẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ejò rìn lẹ́bàá ògiri, ẹ fi òwú tẹ̀ lé ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí dé ìrù, kí ẹ wá wọn òwú. Ẹ má fà á. Tí ó bá ń fi imú yún igun kan náà ní gbogbo òru, tí ibi ìsápamọ́ àti ooru sì pé, àpótí ti kéré.

Ejò kejì, rárá. Wọn yóò máa du ibi tó gbóná, ẹ ó rò pé wọ́n dì mọ́ra ni.

Ọdẹ kan láti Ìdó fún mi ní ọmọ erè. Nígbà tó dé, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ. Kí ọdún tó yí po ó ti kọjá 5, ó sì ń jẹun bí iná. Àpótí wo ló lè gbà á? (Bàbá kan, Ọ̀nà Ìwó)

Bàbá, ẹ kọ́kọ́ wo orí rẹ̀. Tí àmì dúdú bí orí ọ̀kọ̀ bá wà lórí rẹ̀, tí igun dúdú sì wà lábẹ́ ojú, erè ńlá nìyẹn, kì í ṣe ball python, bó sì ṣe yára dàgbà bá a mu. Ó máa ń gùn ju mítà 3 lọ, òmíràn a kọjá 4. Kò sí àpótí tó lè gbà á: ejò mítà 4 nílò yàrá tí òòró rẹ̀ tó mítà 4, tó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti ooru tí kì í kú. Tó bá ti kọjá mítà 2, ẹnì kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ gbé e tàbí bọ́ ọ. Bí ọmọdé bá wà nílé, a bẹ̀ yín, ẹ má dúró dìgbà yẹn.

Àwọn erè wà lára ẹranko tí àdéhùn àgbáyé CITES ń dáàbò bò nínú òwò láàárín orílẹ̀-èdè, nítorí náà ẹ má ta á fún ẹni tó fẹ́ gbé e jáde. Ẹ má sì tú u sílẹ̀ sínú igbó ẹ̀yìn ilé, tí adìyẹ àti ewúrẹ́ aládùúgbò wà. Ẹ lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ẹranko ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ ṣàlàyé kí ẹ tó gbé e kúrò nílé. Ọjọ́ tí ẹ bá máa gbé e, kí ó má jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ̀yin méjì ni kí ẹ gbé e sínú àpò ìrọ̀rí òwú tó nípọn, ẹ so ẹnu àpò pinpin, ẹ gbé àpò náà sínú ike oníhò tó ní ọmọrí títì, kí ẹ sì rìn ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú.