Èsì: Ṣé ayùn oníbátìrì kékeré tó ṣiṣẹ́ pákó nílé?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá ayùn oníbátìrì kékeré, èyí tí abẹ rẹ̀ rí roboto, tó fi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù nílé. Ó tó dáadáa. Òun ni mò ń lò láti ìgbà tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti sú mi.

Ibi tó ti máa ń dójú tini ni igi 2×4 tó bá nípọn tó ínṣì 2 gan-an. Abẹ ínṣì 5⅜ tó wà lára irú ayùn kékeré yìí kì í wọlé tó ínṣì 2, ẹ ó ní láti yí igi náà kí ẹ tún gé òdìkejì. Bí irú igi bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, ayùn oní abẹ ínṣì 6½ ni kẹ́ ẹ rà.

Ní ti plywood, ẹ da ojú tó dára bolẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni eyín abẹ ti ń gé wá sókè, òkè ló máa ń ya jákujàku. Abẹ eyín 24 ń yára, ṣùgbọ́n 40 ló ń gé e mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí pákó tẹ̀ wọnú láàárín o! Á há abẹ mọ́, ayùn á sì ta padà. Ó ti ta mọ́ mi rí. Ọpẹ́lọpẹ́ ọwọ́ méjèèjì tí mo fi dì í mú.

Ẹ yọ bátìrì kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ abẹ. Kẹ́ ẹ sì ra bátìrì méjì, ẹ ṣáà mọ bí iná wa ṣe rí.