Ọrùn gìtá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ọwọ́ yín kò tóbi, ẹ kò sì fẹ́ ná owó ńlá, síbẹ̀ gìtá oníná tí a ṣe bíi ti ayé àtijọ́ ló wù yín. Oríṣi méjì ni Epiphone, iléeṣẹ́ tó wà lábẹ́ Gibson, ń ṣe gìtá tó ń jẹ́ Les Paul Standard: èyí tí wọ́n pè ní 50s (bíi ti àwọn ọdún 1950) ní ọrùn, ìyẹn apá gígùn tí ọwọ́ ń dì mú, tó ki, tó sì kún àtẹ́lẹwọ́, nígbà tí ọrùn 60s (bíi ti àwọn ọdún 1960) fẹ́lẹ́. Bákan náà ni Gibson pín tirẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ti owó gọbọi yẹn sílẹ̀ ná.

Gìtá Stratocaster ti Classic Vibe, èyí tí Squier, ẹ̀ka olówó pọ́ọ́kú ti Fender, ń ṣe, ni èmi yóò kọ́kọ́ dábàá, nítorí ọrùn rẹ̀ kò ki jù, fífẹ̀ rẹ̀ lápá orí jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 42, ojú ibi tí a ti ń tẹ okùn sì tẹ́jú ju ti ọ̀pọ̀ gìtá Vintera ti Fender fúnra rẹ̀ lọ, èyí tó tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, tí okùn tín-ín-rín fi lè dákẹ́ lójijì bí ẹ bá fà á jù.

Mo ti ra gìtá tí ọrùn rẹ̀ ki rí ní Dùgbẹ̀ nítorí àwọ̀ pupa rẹ̀. Orin méjì péré, ọrùn ọwọ́ mi ti ń dùn mí. Bí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ fi ìka ìlábẹ̀ tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ lápá orí ọrùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí àtàǹpàkò bá ń ro yín, ẹ dá gìtá náà padà sórí ìkọ́. Kí ẹ sì ya owó okùn tuntun sọ́tọ̀.