Ìwọ ṣáà tẹ̀lé kábọ́ọ̀nù

Àbúrò, o ní wọ́n sọ fún ọ pé ẹni tí kò bá lè há nǹkan sórí kò lè rí báyókẹ́mísírì kà yọrí ní yunifásítì, àyà rẹ sì já nígbà tí o rí bí àwòrán glycolysis, ìyẹn ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà fọ́ ṣúgà glúkóòsì, ṣe gùn tó. Èmi náà gbà wọ́n gbọ́. Òdo ni mo gbà nínú ìbéèrè tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù lọ́dún kejì.

Ìgbésẹ̀ 10 ni glycolysis. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni ń ki oríkì: orúkọ, ẹ́ńsáìmù tó ń mú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yá, ibi tí a ti ná ATP tó dà bí owó agbára sẹ́ẹ̀lì, ibi tí a ti rí i gbà padà. Ohun tí wọ́n wá bi wá ni pé, bí a bá sàmì sí kábọ́ọ̀nù kìíní lára glúkóòsì, ibo ni àmì náà máa wà lára pyruvate, ohun tí glúkóòsì máa dà níparí glycolysis? Mo wo ìwé náà títí. Oríkì tí mo há kò sọ ibi tí kábọ́ọ̀nù kankan gbà.

Bẹ́ẹ̀ kò le fún ẹni tó bá fi pẹ́ńsù yà á. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ aldolase gé ṣúgà oníkábọ́ọ̀nù 6 náà láàárín ìkẹta àti ìkẹrin. Apá méjèèjì padà di nǹkan kan náà. Ìkíní àti ìkẹfà bọ́ sídìí CH3 pyruvate, ìkẹta àti ìkẹrin di apá ásíìdì rẹ̀, àwọn yẹn ló sì máa kọ́kọ́ bá CO2 jáde tó bá yá.

Láti ọjọ́ yẹn, n kì í kọjá ìgbésẹ̀ kan láì béèrè ìdí rẹ̀. Kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ná ATP sórí glúkóòsì tó fẹ́ gba ATP lára rẹ̀? Phosphate tí ATP gbé lé e lórí ní charge òdì. Glúkóòsì tó bá ti gbé e rù kò lè gba ara awọ sẹ́ẹ̀lì sá jáde mọ́. Ẹran tí wọ́n ti so mọ́ èèkàn ni.

Àmínò ásíìdì 20 yẹn ní tiwọn, há wọn o, àti àwòrán àti charge wọn. Kò sí ọgbọ́n míì níbẹ̀. Tí o bá mọ̀ pé pKa (pH tí nǹkan ti ń gba proton tó sì ń fi í sílẹ̀ bákan náà) ẹ̀gbẹ́ histidine, ọ̀kan lára wọn, wà nítòsí 6, tí kò jìnnà sí pH inú sẹ́ẹ̀lì, kò ní yà ọ́ lẹ́nu pé òun lo máa ń bá lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù. Má sì fojú di kẹ́mísírì ọ́gáníìkì ọdún kìíní, torí òun náà ló tún padà wá yìí.

Ní ti làbù, ojú mi rí nǹkan. Mo po Tris, bọ́fà tó yẹ kó di pH mú, lórí tábìlì níbi tó móoru, mo gbé pH rẹ̀ sí 7.4, mo wá lọ lò ó nínú yàrá tútù. pH Tris ń gòkè bó ṣe ń tutù, nǹkan bí 0.03 fún ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì kọ̀ọ̀kan. Ní ìwọ̀n 4, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 8. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń bú ẹ́ńsáìmù tí kò ṣẹ̀ mí. Ní báyìí, inú yàrá tútù yẹn gan-an ni mo ti ń wọn pH.