Ẹ Bi Wá, Ká Wí: Kánsù ìlú ní àwọn ò fara mọ́ ọn, ta ló wá ní kí wọ́n kọ́ ọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú kékeré kan ní Kent la wà, ilé tiwa àti ti aládùúgbò wa so pọ̀, ògiri kan ló là wá láàárín. Lẹ́tà kan wọlé láti kánsù lóṣù bíi mẹ́ta sẹ́yìn pé aládùúgbò wa fẹ́ fa ilé ẹ̀ sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ àti òkè, wíńdò òkè kan á sì kọjú sí ọgbà wa tààrà. Mo lọ sípàdé kánsù ìlú, wọ́n fún mi níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́ta, mo sọ̀rọ̀, gbogbo wọn nawọ́ pé àwọn ò fara mọ́ ọn, mo délé mo sọ fọ́kọ mi pé ó ti parí. Àfi bí mo ṣe ṣí ímeèlì lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo rí i pé wọ́n ti fọwọ́ sí i! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gba rìbá nínú wọn? Ṣé mo lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn?

Èsì: Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Mo mọ bó ṣe máa ń rí, torí èmi náà ti jókòó síbi irú ìpàdé yẹn láìmọye ìgbà, téèyàn bá rí i táwọn kánsẹ́lọ̀ nawọ́ sókè, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n ti dájọ́. Wọn ò dájọ́ o, èrò wọn ni wọ́n sọ. Kò dìgbà tẹ́nì kan bá gba rìbá kí ohun tẹ́ ẹ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀, ó wọ́pọ̀ gan-an ní England, torí kánsù tẹ́ ẹ lọ bá kọ́ ló ń fọwọ́ sí ìwé.

Kánsù mẹ́ta ló wà lórí yín níbi tẹ́ ẹ wà yẹn. Èyí tó kéré jù ni ti ìlú, táwọn abúlé ń pè ní parish council, tiẹ̀ ni nǹkan bí ilẹ̀ ìsìnkú, pápá ìṣeré ọmọdé, gbọ̀ngàn ìlú. Èyí tó tẹ̀ lé e ni district tàbí borough, ọwọ́ ẹ̀ ni àṣẹ ìkọ́lé wà. Ti county ló tóbi jù, òun ló ń bójú tó títì. Láwọn ibòmíì wọ́n ti pa district àti county pọ̀ di ẹyọ kan, àmọ́ kánsù ìlú ṣì lè wà lábẹ́ ẹ̀, ipò kan náà ló sì wà: wọ́n ń bi í, kì í dájọ́. Òfin Town and Country Planning Act ti 1990 ló ní kí wọ́n máa sọ fún kánsù ìlú tó bá ti lóun fẹ́ máa gbọ́, ọjọ́ 21 ló sì ní láti fi dáhùn. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ planning wọn, ìyẹn àwọn tó ń wo ọ̀rọ̀ ìkọ́lé, fi máa ń pàdé lọ́sẹ̀ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, torí tí ọjọ́ bá fi lè kọjá, district lè dá ẹjọ́ láì dúró dè wọ́n.

Ẹ wo bí ìpàdé yẹn fúnra ẹ̀ ṣe ń lọ. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣáájú, akọ̀wé kánsù gbọ́dọ̀ ti lẹ ìwé ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò síta kẹ́ni tó bá fẹ́ lè rí i. Tí wọ́n bá jókòó, ohun àkọ́kọ́ ni kí kánsẹ́lọ̀ tọ́rọ̀ bá kàn sọ ọ́ jáde, bóyá òun ló ni ilẹ̀ náà tàbí òun ló ń ṣiṣẹ́ fẹ́ni tó fẹ́ kọ́lé. Tó bá jẹ́ pé owó tiẹ̀ tàbí ti ìyàwó ẹ̀ wà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dá sí i, kò gbọdọ̀ dìbò, tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láìnídìí, ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin Localism Act ti 2011. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba ará ìlú láyè, ọ̀pọ̀ ń fúnni níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́ta bẹ́ ẹ ṣe sọ, wọ́n á wo pláànù lójú ògiri, wọ́n á jíròrò, wọ́n á dìbò, akọ̀wé á tẹ ìpinnu ránṣẹ́ sí district. Ó parí nìyẹn lọ́dọ̀ tiwọn. Wọn ò láṣẹ láti dá bíríkì kan ṣoṣo dúró.

Àmọ́ ẹ má rò pé àṣedànù ni. Òṣìṣẹ́ planning ní district gbọ́dọ̀ ka ohun tí kánsù ìlú kọ, kó sì gbé e wò nínú ìròyìn tó máa kọ. Níbòmíì, tí kánsù ìlú bá ti ta kò ó tóṣìṣẹ́ sì fẹ́ fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ náà lè tibẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn kánsẹ́lọ̀ district, ìlànà district kọ̀ọ̀kan ló ń sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Tí ò bá débẹ̀, òṣìṣẹ́ nìkan ló máa pinnu, ọ̀nà yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ìkọ́lé ń gbà.

Ibi tí mo ti fẹ́ ká dúró díẹ̀ ni ohun tẹ́ ẹ sọ níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́ta yẹn, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń pàdánù, ó sì máa ń dùn mí. Òfin Planning and Compulsory Purchase Act ti 2004 sọ pé pláànù ìdàgbàsókè tí district ti fọwọ́ sí fún agbègbè yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi dájọ́, àfi tí ohun mìíràn tó jẹ mọ́ lílo ilẹ̀ bá borí ẹ̀. Ohun tó jẹ mọ́ lílo ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú. Tẹ́ ẹ bá ní wíńdò yẹn á jẹ́ kí wọ́n máa rí wa nínú yàrá, tàbí ògiri yẹn á dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ wa ní kíṣìnnì, tàbí kò sáyè ìgbọ́kọ̀sí mọ́, tàbí omi òjò ò níbi tó máa gbà, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n wò. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní iye ilé wa á já wálẹ̀, tàbí a ò ní rí òkè tá a máa ń wò lọ́ọ̀ọ́kán mọ́, tàbí aládùúgbò yìí ò níwà, tàbí ariwo àwọn bíríkìlà ò ní jẹ́ ká sùn, wọ́n á kà á, wọn ò sì ní lò ó rárá. Mo ti rí ìyá àgbàlagbà kan tó fi gbogbo ìṣẹ́jú ẹ̀ sọ bí aládùúgbò ẹ̀ ṣe máa ń bú u, kò rántí sọ pé ilé náà á bo òun mọ́ òòrùn látàárọ̀ dọ̀sán, èyí tí ì bá ràn án lọ́wọ́ gan-an!

Ní báyìí, ẹ lọ sórí wẹ́búsáìtì district, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà yẹn wá ìwé náà jáde. Nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ kà: ìròyìn òṣìṣẹ́, àti ìwé ìpinnu fúnra ẹ̀, pàápàá àwọn kọ̀ndíṣọ̀n tó wà nísàlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá a níbẹ̀ pé wíńdò yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ gíláàsì tí ò ṣeé wò kọjá, kó má sì ṣeé ṣí àfi apá tó bá ga ju mítà 1.7 lọ láti ilẹ̀ yàrá. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ lọ sọ níbẹ̀ lè wà lára ohun tó gbé e débẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwèé, torí tí aládùúgbò yín bá wá fi gíláàsì lásán sí i, ẹ̀ka enforcement ní district, ìyẹn àwọn tó ń rí i pé wọ́n tẹ̀ lé àṣẹ ìkọ́lé, lẹ máa kọ̀wé sí, kì í ṣe kánsù ìlú.

Ní ti kòtẹ́milọ́rùn, rárá ni o. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé nìkan lòfin fún láǹfààní yẹn tí wọ́n bá kọ̀ fún un, tó bá jẹ́ àfikún ilé bí èyí, ọ̀sẹ̀ 12 ló ní láti lọ sí Planning Inspectorate, ìyẹn àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ìkọ́lé. Aládùúgbò ò ní in. Ohun tó kù fún yín ni ilé ẹjọ́ gíga, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, owó ẹ̀ sì pọ̀, bóyá wọ́n tẹ̀ lé òfin ni adájọ́ sì máa wò, kò ní wò ó bóyá ilé yẹn dáa tàbí kò dáa. Tẹ́ ẹ bá rí i pé district ṣe àṣìṣe nínú ìlànà, bíi kí wọ́n má kọ ohun tí kánsù ìlú sọ rárá, ẹ fẹjọ́ sùn wọ́n lọ́dọ̀ ara wọn ná, tí ò bá yanjú, ẹ lè lọ bá Local Government and Social Care Ombudsman, ìyẹn ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí kánsù. Òun náà ò lè fagi lé àṣẹ yẹn.

Ẹ tún rántí ògiri tẹ́ ẹ jọ ní. Àṣẹ ìkọ́lé ò kan ìyẹn, òfin Party Wall ti 1996 ló kàn án. Tí aládùúgbò yín bá fẹ́ fọwọ́ kan ògiri yẹn, tàbí tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ láàárín mítà mẹ́ta sí ilé yín tó sì jìn ju ìpìlẹ̀ yín lọ, ó gbọ́dọ̀ fìwé ránṣẹ́ sí yín kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan ní ìkánjú.

Ìbéèrè: Ìjọ wa ti rí wàrẹ́háùsì kan ní ẹstéètì ilé iṣẹ́, lándílọ́ọ̀dù ní kò síṣòro, akọ̀wé kánsù ìlú náà sọ lórí fóònù pé inú àwọn dùn sí i. Ṣé ká san owó rẹ́ńtì?

Èsì: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì sanwó. Inú dídùn akọ̀wé kì í ṣe àṣẹ, kódà kí gbogbo kánsẹ́lọ̀ ìlú fọwọ́ sí i. Òfin pín lílo ilé sí kíláàsì: ilé ìkẹ́rùsí wà ní kíláàsì B8, ilé ìjọsìn wà ní F1, látinú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, àfi kẹ́ ẹ gbàwé ní district. Wọn kì í sì í tètè gbà, torí ọ̀pọ̀ district ti kọ ọ́ sínú pláànù wọn pé ilẹ̀ tó wà fún iṣẹ́, iṣẹ́ ni kó wà fún. Ẹ ní kí lọ́yà kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ̀yìn ìgbà tẹ́ ẹ bá gbàṣẹ ni rẹ́ńtì máa bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tó fọwọ́ sí nǹkan kan, ẹ san owó ìmọ̀ràn ṣáájú fún district, ẹ ní kí wọ́n sọ ojú tí wọ́n máa fi wo irú ibẹ̀.

Tọ́rọ̀ bá wá dé kánsù ìlú, ẹ lọ sípàdé wọn fúnra yín, ẹni tó fẹ́ gbàṣẹ náà láǹfààní láti sọ̀rọ̀. Ẹ sọ iye ọkọ̀ tó máa wá ní Sunday àti ibi tí wọ́n máa gbé e sí, ẹ sọ aago tí ìlù máa dákẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa ariwo ti wọ̀n ọ́n kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ ìjọ tó kó gbogbo ọmọ ìjọ wá láti wá sọ iṣẹ́ rere tí wọ́n ń ṣe, ó wú èèyàn lórí, àmọ́ kò sẹ́ni tó dáhùn nígbà tí wọ́n béèrè nípa ibi ìgbọ́kọ̀sí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà sì ti bà jẹ́.

Àwọn tó ti wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ lè kọ̀wé béèrè àṣẹ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀, òfin gbà á. Ẹ má dúró dè é kí district wá já yín mú, ọdún 10 gbáko ni wọ́n ní láti fi wá yín kàn lórí ọ̀rọ̀ àyípadà lílo ilé bí èyí, tí wọ́n bá sì ti fún yín ní enforcement notice, ìyẹn ìwé pé kẹ́ ẹ ṣàtúnṣe, tẹ́ ẹ ò tẹ̀ lé e, ó ti di ọ̀ràn nìyẹn.

Ìbéèrè: Àwọn àádọ́jọ èèyàn ló fọwọ́ síwèé pé àwọn ò fẹ́ ilé wa. A ti pàdánù nìyẹn, àbí?

Èsì: Rárá o. Wọn kì í ka orí. Lẹ́tà kan tó sọ ohun gidi nípa ìmọ́lẹ̀ tàbí títì wúwo ju àádọ́jọ tó kàn ní àwọn ò fẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì rí i tẹ́nì kan kọ nǹkan nípa àwọ̀ yín tàbí ibi tẹ́ ẹ ti wá, ẹ sọ fún district lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kò gbọdọ̀ wà lára ohun tí wọ́n máa fi dá yín lẹ́jọ́.