Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Wá Sí Ìlú Wa: Kí Ni Ìpín Tiwa Níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ọdún kẹrin rèé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ti ń wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà, wọ́n á yẹ kànga wò, wọ́n á bi àwọn ìyá ọlọ́mọ ní ìbéèrè, wọ́n á sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti ya fọ́tò pẹ̀lú Kábíyèsí tán, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń bi ìyá mi pé ọmọ mélòó ló bí. Lọ́dún yìí, ó ní kí wọ́n lọ wò ó nínú ìwé tọdún tó kọjá. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní kí a má gbà wọ́n mọ́. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Akọ̀wé wa. Èsì tí Màmá fọ̀ yẹn, àwọn olùkọ́ wọn gan-an ló yẹ kó gbọ́ ọ. Ẹ má lé àwọn ọmọ náà o. Ẹ bá ilé ẹ̀kọ́ wọn ṣàdéhùn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ irú ẹ̀kọ́ yìí, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ ìwé tó sì ń sin ìlú lẹ́ẹ̀kan náà, ní service-learning láàárín àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n kò ṣàjèjì ní Kwara. Yunifásítì Ìlọrin, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, ti fi iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní COBES sínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1970, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ gbé láàárín àwọn ará ìlú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí dókítà ṣe ń yẹ aláìsàn wò ni wọ́n ṣe ń yẹ ìlú wò: irú omi tí wọ́n ń mu, ilé tí kò ní ṣáláńgá, ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan kí wọ́n bá ará ìlú mú ohun kan tó ṣeé tún ṣe, kí wọ́n sì tún un ṣe. Àyẹ̀wò nìkan ni ìlú yín ń rí gbà. Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ìtọ́jú.

Ní ìlú tèmi ní Ìfẹ́lódùn, ọ̀pọ̀ ọdún ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń sọ pé a kò ní omi tó dára. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ló jókòó ti àwọn obìnrin tó ń pọn omi odò, tó bi wọ́n pé kí ló ṣe ẹ̀rọ kànga tí a ń fi ọwọ́ fà, tó dá dúró lẹ́yìn ọjà. Wọ́n ní rọ́bà inú rẹ̀ ló jẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Wọ́n pe mẹkáníìkì, wọ́n tú u, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà náà, ọmọ ìlú méjì sì kọ́ bí a ṣe ń ṣe é.

Nítorí náà, kí Kábíyèsí àti ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka wọn kí àkókò àbẹ̀wò tó tó. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú àbọ̀ ọdún mẹ́rin wá, kí wọ́n sì kà á ní Yorùbá ní ààfin, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́. Ti ìfúnpá kò gbọ́dọ̀ falẹ̀: ẹni tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, kí wọ́n kọ ọ́ lé e lọ́wọ́, kí wọ́n sì darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò mìíràn. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ dáhùn ìbéèrè, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Tanke, Ìlọrin. Wọ́n ní a ó gba máàkì lórí iṣẹ́ tí a bá ṣe ní abúlé. Ṣé kì í ṣe pé à ń fi àánú ṣòwò? Kí ló sì yà á sọ́tọ̀ sí SIWES, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe ní ilé iṣẹ́?

ÌDÁHÙN: Máàkì náà kò sí fún àánú, ohun tí o bá rí kọ́ ni wọ́n ń fún ní máàkì. SIWES àti iṣẹ́ agùnbánirọ̀ jọ bẹ̀rẹ̀ ní 1973 ni: ti àkọ́kọ́ wà kí ọwọ́ rẹ lè mọ iṣẹ́, èkejì jẹ́ ìsìn lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí. Nínú èyí tí o ń lọ ṣe, ẹ̀kọ́ àti ìsìn kò ṣeé yà, ìdí sì nìyẹn tí olùkọ́ fi máa béèrè ìwé tí ò ń kọ lójoojúmọ́. Má fi kún un pé inú àwọn ará abúlé dùn púpọ̀. Gbogbo yín lẹ máa ń kọ ìyẹn. Kọ ohun tó rú ọ lójú, kí o sì bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí o bá dé, torí tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ojú rẹ á ti mọ́ ọn lára.